Ìbọn ṣakabùlà bàbá mi ń pẹ́ dún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Nígbà tí bàbá mi papò dà, ìbọn wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ti wà lórúkọ mi. N kì í pa ẹran. Ohun tí mo fẹ́ràn ni kí n máa yìn ín sí igbá tí mo gbé ti òkìtì ọ̀gán lóko wa.

Tí mo bá fà á, ẹ̀tù ẹ̀gbẹ́ ihò tí iná ń gbà wọnú ọ̀pá á kọ́kọ́ ṣe ṣìì, èéfín á bò mí lójú, èèyàn á ti ka ení, èjì, kó tó dún gbòlà. Ojú mi á ti dì, ọwọ́ mi á ti yẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tiẹ̀ dún rárá. Mo na ẹnu rẹ̀ sí ọ̀gán, mo dúró pẹ́ títí. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi gan-an pé a kì í yọjú wo ẹnu ìbọn tó kọ̀.

Ṣé ọ̀rinrin òjò ló wọnú ẹ̀tù ni, àbí ihò iná yẹn ló dí? Mo ń fi omi gbígbóná fọ inú ọ̀pá rẹ̀, mo ń fi epo pa á, síbẹ̀ ó ń dógùn-ún. Alágbẹ̀dẹ kan ní kí n gbé e wá kí òun fi iná sí i, ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ ọ̀pá tó ti gbó ju kí á yìn ín lọ? Kí ni mo sì lè ṣe tí ojú mi ò fi ní máa dì?