Ẹ̀tù ojú àwo ń jó, ìbọn kò dún: kí ló ń fà á?

Ajílété_Ọdẹ
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ìbọn tí mò ń bèèrè nípa rẹ̀ kì í ṣe ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Ìbọn olókùúta ìpẹyẹ ni, irú ti ayé àtijọ́ tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ní Ítálì. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 20, ó fẹ̀ tó mìlímítà 15.6. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nílẹ̀. Òkúta rẹ̀ ń ṣáná dáadáa, ẹ̀tù ojú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá á jó fùú, ṣùgbọ́n ti inú kì í gbiná. Nígbà mìíràn ó máa dúró díẹ̀ kó tó dún. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fi kún ẹ̀tù ojú àwo ni? Báwo ni ẹ sì ṣe ń wọn ẹ̀tù àti ọta fún irú rẹ̀? Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, òjò sì ti dé.

Alágbẹ̀dẹ_Akẹ̀sán
Ẹ má fi kún un o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀tù bá bo ihò iná, ìyẹn ihò kékeré tó ti ojú àwo wọ inú ọ̀pá, iná ní láti jó gbogbo èyí tó dí ihò náà kó tó dé inú, bí ìgbà tí iná ń jó okùn láti orí dé ìdí. Ìdúró tí ẹ ń rí nìyẹn. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ọwọ́ iná ta láti ojú àwo wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ihò sì ṣófo. Gíráàmù 0.2 sí 0.3 ẹ̀tù kíkúnná ti tó. Kó má ju ìdajì àwo lọ, kí orí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ihò.

Èyí tó jó lójú àwo tí ti inú kò gbọ́ rárá, ihò ló dí. Eérú ẹ̀tù dúdú a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àgàgà lásìkò òjò. Lẹ́yìn ìyìn mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti di bí ẹrẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ihò. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ki ìbọn tán, kí ẹ tó da ẹ̀tù sójú àwo, ẹ fi wáyà idẹ tín-ínrín yọ ihò náà. Idẹ ni kó jẹ́. Irin á máa ha ihò náà fẹ̀. Láàárín ìyìn kan sí èkejì, ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ nu inú ọ̀pá, kí ẹ fi gbígbẹ tẹ̀ lé e.

Ihò tó dára fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1.6, àárín rẹ̀ sì bá etí àwo dọ́gba. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírìlì fẹ̀ ẹ́ gbàgà. Agbára á máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ojú ẹni tó dúró lápá ọ̀tún yín ló sì ń lọ.

Ọmọ_Olúọdẹ
Ọ̀rọ̀ ihò yẹn ni mo gbà. Síbẹ̀, ẹ yẹ òkúta wò, torí iná tí ojú rí lè má gbóná tó. Iná funfun tó ń ta ṣàṣà tó sì bọ́ sínú àwo ló dára. Pípọ́n tó ń kú lójú ọ̀nà, bóyá òkúta ti kú ni, bóyá irin tí òkúta ń ṣá ti rọ̀. Ẹ fi fáìlì kan irin náà: bí fáìlì bá yọ̀ lórí rẹ̀, ó le; bó bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí a ti ń sun irin kó tún le. Awọ ni kí ẹ fi wé òkúta, kó má máa yẹ̀. Kí etí rẹ̀ kan irin náà ní gbogbo ìbú rẹ̀, kì í ṣe igun kan. Ìbọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi dán gbogbo èyí wò.

Baba_Ẹlẹ́tù
Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣe pàtàkì sí mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pá ti ń bẹ́. Ìwé tó bá ìbọn wá ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Bí kò bá sọ òmíràn, fún nọ́ńbà 20, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀tù dúdú gíráàmù 3.9, ẹ má kọjá 4.5. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ fi bu ọta: bí ẹ̀tù bá ti kún un, kí ọta kún un bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n tó gba ẹ̀tù 4.5 á gba ọta òjé wẹ́wẹ́ bíi gíráàmù 28. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀tù kún un kó lè lọ jìnnà, ọta rẹ̀ ló ń fọ́nká. Àárín á ṣófo, àparò á sì gba ibẹ̀ lọ. Ẹ ta á sí bébà ńlá ní mítà 23 kí ẹ wò ó. Ẹnu ìbọn yìí kò fún, kò yẹ kí ẹ retí jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Bí a ṣe ń kì í: ẹ̀tù, páálí líle tó nípọn tó mìlímítà 3, èdídí rírọ̀ tí a fi òrí àti ìda pa, ọta, páálí fẹ́lẹ́ lórí. Òrí dára ju gírísì mọ́tò lọ, torí gírísì bá eérú ẹ̀tù pọ̀ á dà bí ọ̀dà. Ẹ ki gbogbo rẹ̀ títí kò fi ní lọ mọ́. Bí àlàfo bá wà láàárín ẹ̀tù àti èdídí, ọ̀pá lè wú tàbí kó ya. Ẹ fín àmì méjì sára ọ̀pá ìkì, ọ̀kan fún ìgbà tí inú ṣófo, èkejì fún ìgbà tí ó kún, kí ẹ má baà ki ìbọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀tù tí wọ́n tú nínú katiríìjì, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láéláé, ì báà ṣe ṣíbí kan. Agbára tó ń gbé jáde ju ohun tí ọ̀pá yẹn lè gbà lọ. Ẹ wo ara ọ̀pá, ẹ máa rí lẹ́tà PN: àmì pé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n fi dán an wò nìyẹn.

Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má gbé ẹnu rẹ̀ kúrò níbi tó kọjú sí. Ẹ ka 60 kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ yọ ihò, ẹ da ẹ̀tù tuntun sójú àwo, ẹ tún un fà. Ẹ má sì da ẹ̀tù tààrà láti inú ìwo tí ẹ ń kó ẹ̀tù sí sínú ọ̀pá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Ẹyin iná kékeré lè wà nínú rẹ̀, gbogbo ìwo náà ló máa bú lọ́wọ́ yín.

Ajílété_Ọdẹ
Ẹ ṣeun gan-an. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo sì ń rọ òróró sínú rẹ̀ dáadáa kí n tó gbé e ti ògiri.

Alágbẹ̀dẹ_Akẹ̀sán
Ẹ ti sọ ìdí kejì fúnra yín. Iyọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀, kẹrosíìnì kò lè yọ́ ọ. Omi ló lè yọ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ tú ọ̀pá kúrò lára igi, ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oní-ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi àkísà fà á lọ fà á bọ̀, kí omi máa gba ihò wọlé jáde. Ẹ pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àkísà olóròóró kan ṣoṣo gbà á. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún fi àkísà funfun wò ó. Bó bá pọ́n, ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òróró tí ẹ rọ, ìdí ọ̀pá ló ń ṣàn lọ bí ẹ bá gbé e nàró. Ihò iná wà níbẹ̀, ẹ̀tù àkọ́kọ́ á sì tutù. Ẹnu ìbọn ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ lórí àkísà. Kí ẹ tó ki ti àkọ́kọ́, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu inú rẹ̀ dé ìdí, kí ẹ nu ojú irin ìṣáná àti àwo náà.