Páálí káàdì baseball tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aya Ilé, Baltimore
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá ọkọ mi, ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama, jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ìgbà tí a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ la rí páálí bàtà kan tó kún fọ́fọ́ fún káàdì baseball. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà níwájú, ìtàn eré rẹ̀ wà lẹ́yìn. Orúkọ Topps, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, ló wà lára èyí tó pọ̀ jù, mo sì rí Willie Mays, Hank Aaron àti Roberto Clemente níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra ọjà àlòkù ládùúgbò wa ní òun máa san dọ́là 400 fún gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n gbà á? Ta ni kí n fi hàn? Èmi ò mọ eré yìí rárá, ọkọ mi náà ò sì kó káàdì jọ rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Àǹtí, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi omi, ọṣẹ tàbí ìrésà kan ìkankan nínú wọn. Bí ẹ bá rí rọ́bà tí wọ́n fi dì wọ́n, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e, ẹ má fà á yọ, torí rọ́bà tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ etí káàdì. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún káàdì, kí ẹ sì gbé wọn kúrò níbi tí ọ̀rinrin wà.

Alákòójọ, Chicago
Ọdún ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. Topps kì í sábà kọ ọdún gàdàgbà sára káàdì ìgbà yẹn. Ẹ yí i padà, ẹ wo ọdún tí àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ parí sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni káàdì náà sábà máa ń jáde. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Bí Hank Aaron yín bá jẹ́ nọ́ńbà 128, ti 1954 ni, káàdì rẹ̀ àkọ́kọ́ pàá. Clemente tó bá jẹ́ nọ́ńbà 164, ti 1955 ni, tirẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn náà. Aaron 1954 yẹn nìkan, bó bá jẹ́ ojúlówó, ju dọ́là 400 lọ, kódà kí igun rẹ̀ ti rún, kí ojú rẹ̀ sì ti họ.

Lẹ́yìn ọdún, ipò tí káàdì wà ló ń pinnu owó. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi PSA àti SGC máa ń yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, etí, ojú, àti bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn, wọ́n á wá fún un ní máàkì láti 1 dé 10. Ẹ wo Mickey Mantle ti Topps 1952, nọ́ńbà 311. Èyí tí SGC fún ní 9.5 tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ní gbàǹjo Heritage ní August 2022. Irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ tó ti ká, tó ti ya létí, kì í rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn. Sy Berger ti Topps fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn kó àpótí àpótí káàdì 1952 tí kò tà lọ dà sínú òkun Atlantic. Bẹ́ẹ̀, ti 1952 yẹn kọ́ ni káàdì Mantle àkọ́kọ́, ti Bowman, ilé-iṣẹ́ mìíràn, ní 1951 ló ṣáájú.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye, ẹ má wo owó tí àwọn èèyàn ń pè lórí eBay. Ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn tó ti tà tán sí, kí ẹ sì fi tiyín wé èyí tí máàkì rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Atẹ̀wé, Atlanta
Kí n fi ti ayédèrú kún un. Mo ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé pẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń wò ó. Ẹ wọn káàdì náà. Láti 1952 dé 1956, Topps fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6.7, ó sì gùn tó 9.5, láti 1957 ló ti dín kù sí 6.35 àti 8.9. Àtúntẹ̀ 1952 tí Topps fúnra rẹ̀ ṣe ní 1983 kéré ju ojúlówó lọ, nítorí náà rúlà nìkan tó láti tú àṣírí rẹ̀.

Ẹni tó bá ní òun á bá yín gé etí rẹ̀ kó lè mú dáadáa, ẹ sá fún un. Honus Wagner ti T206, ọ̀wọ́ káàdì tó ń jáde nínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911, ló lókìkí jù nínú gbogbo káàdì. Ọ̀kan nínú wọn, tí PSA fún ní 8, tà ní mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ní 2007. Ní 2013, Bill Mastro, olùṣe gbàǹjo, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí rẹ̀. Káàdì tí wọ́n bá ká mọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí kì í gba máàkì mọ́.

Ìyá Ìbejì, Birmingham (Alabama)
Ẹ kú ìrántí bàbá o, ìyàwó wa. Mobile ni wọ́n bí Hank Aaron sí, Westfield ni wọ́n bí Willie Mays. Ọmọ ìpínlẹ̀ wọn ni bàbá yín ń tọ́jú nínú páálí yẹn. Mays gbá bọ́ọ̀lù fún Birmingham Black Barons, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1948 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìràwọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣáájú wọn kò rí ẹni tẹ káàdì fún wọn ní Amẹ́ríkà. Oscar Charleston, ọ̀kan nínú wọn, inú káàdì sìgá Billiken ti Cuba, 1923 sí 1924, la ti ń rí i. Ẹ ta ìyókù bó bá wù yín. Èyí tí ó jẹ́ ti Mays àti Aaron, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ṣé Jackie Robinson kò sí níbẹ̀? Nọ́ńbà 312 ni tirẹ̀ nínú Topps 1952, ó tẹ̀ lé Mantle.

Aya Ilé, Baltimore
Ẹ ṣeun gan-an. Robinson kò sí. Ṣùgbọ́n Aaron náà, nọ́ńbà 128 ni! Mo wọ̀n ọ́n, 6.7 sí 9.5. Igun kan ti rún díẹ̀. PSA la máa fi ránṣẹ́ sí. Ṣé ìjọba máa gba owó orí bí a bá tà á?

Oníṣirò, Maryland
Ogún ni, nítorí náà iye tó tó lọ́jọ́ tí bàbá jáde láyé ni ìjọba àpapọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀. Orí èrè tó bá lé nìkan lẹ máa san owó orí, ó sì lè tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gba ìwé iye rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì san owó ìdójútòfò lé e. Bí máàkì rẹ̀ bá dé, ẹ fi tó wa létí.