Ìjìnnà yàtọ̀ sí àkókò: lórí “ìrìn-òfuurufú”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín láti Ìbàdàn.

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí á fi “ìrìn-òfuurufú” ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún bí pápákọ̀ òfuurufú méjì ṣe jìnnà síra, àti fún iye àkókò tí bàálù fi ń rìn ín. Ìdí tó mú wá ni pé àwọn baba wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀: “ìrìn ọjọ́ mẹ́ta” ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni. Ibùsọ̀ tí a wá ń lò fún máìlì pàápàá, ibi tí ẹlẹ́rù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ìrìn ẹlẹ́rù tó ń lọ àti ti èyí tó ń bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ọjọ́ tó wọn ọ̀nà. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn á dín àkókò kù, èyí tó kọjú sí i á fi kún un, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò sún rárá.

Ẹ jẹ́ kí á ti Alákíà, ibi tí pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn wà, wò ó. Bí a bá na okùn tààrà láti pápákọ̀ wa dé ti Máídúgùrì, nǹkan bíi kìlómítà 1,115 ni. Àbújá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí okùn náà gan-an: nǹkan bíi 405 láti ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bíi 710 láti ibẹ̀ lọ. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ìjìnnà ò yí padà. Àkókò ńkọ́? Bàálù tó ń sá kìlómítà 750 ní wákàtí kan, tí kò yà níbì kankan, á lo bíi wákàtí kan ààbọ̀, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ní láti pààrọ̀ bàálù ní Àbújá lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò lè gbé méjèèjì.

“Ìjìnnà tààrà” tó fún ti okùn. Ti àkókò ló gba àròjinlẹ̀. Láti ìgbéra dé ìbalẹ̀, mo dábàá “àgbérabalẹ̀”. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ti tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá ṣídìí níbi tó dúró sí, ó sì parí nígbà tó bá dúró pátápátá ní ibòmíràn. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí a ṣe ń lo “gúnlẹ̀” àti “balẹ̀” bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ló ni gúnlẹ̀: imú rẹ̀ á kan èbúté, á dúró. Bàálù tí táyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ ti balẹ̀, kò tíì gúnlẹ̀. Fún èyí, “àṣídìígúnlẹ̀”. Ó gùn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Fún pípààrọ̀ bàálù lọ́nà, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ kankan. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà ní Ìbàdàn, wọ́n á ní “ọkọ̀ méjì ni débẹ̀.” Máídúgùrì, bàálù méjì ni débẹ̀.