Etí pápá tó ń ṣófo: ìbéèrè lórí ẹgbẹ́ rọ́gíbì ọmọ ilé-ìwé

Bàbá Ìbejì, Lágéré:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Kẹ́yìndé ilé mi wà nínú ẹgbẹ́ rọ́gíbì ilé-ìwé rẹ̀ níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì ti wo ìdíje mẹ́ta tí wọ́n pàdánù léraléra. Àwọn ọmọ náà sígbọnlẹ̀, ojo kò sì sí nínú wọn, síbẹ̀ bí ìdajì kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni àwọn alátakò máa ń gba etí pápá wọlé bí ẹni ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé níbi tí wọ́n bá ti dá ẹnì kan lulẹ̀, mẹ́fà tàbí méje nínú àwọn ọmọ wa ló ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ṣé agbára ni kò tó ni, àbí ọgbọ́n?

Ọmọ Òbòkun, Iléṣà:
Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara yín lóhùn, sà. Ẹni 15 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Bí méje bá wọ inú ruck, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ti ara wọn du bọ́ọ̀lù lórí ẹni tí wọ́n dá lulẹ̀, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́yìn de bọ́ọ̀lù gíga, méje péré ló kù tí yóò máa ṣọ́ ìbú pápá tó tó nǹkan bíi mítà 70. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ alátakò, kí àwọn yòókù tẹ́ lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn ruck, kí wọ́n jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù àdúgbò ni wọ́n ti kọ́ àṣà yìí, níbi tí gbogbo ọmọdé ti ń lé bọ́ọ̀lù kiri bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

Nọ́ńbà 9 Àtijọ́, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n èmi náà wo ìdíje tó kẹ́yìn, ìyẹn kọ́ ló kọ́kọ́ ń pa wọ́n. Ọmọ tó wọ nọ́ńbà 10, ẹni tó ń darí eré, ló ń gbá bọ́ọ̀lù dànù. Ó ti kọjá ìlà mítà 22 tiwọn kó tó gbá a jáde láì jẹ́ kó kan ilẹ̀, nítorí náà lineout, ìyẹn jíju bọ́ọ̀lù padà wọ pápá láti ẹ̀gbẹ́, padà sí ọ̀gangan ibi tó ti gbá a, wọn kò sì jẹ ilẹ̀ kankan. Bí kò bá gbá a jáde, àárín pápá ló ń gbá a sí, fún nọ́ńbà 15 alátakò tó dúró lẹ́yìn pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò ní sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi gbogbo ìdajì àkọ́kọ́ dá ènìyàn lulẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ fi tọrẹ, ṣé a óò tún máa béèrè ohun tó jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́?

Bàbá Ìbejì, Lágéré:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àmọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní scrum, níbi tí àwọn ti iwájú ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń so pọ̀ ti ara wọn du bọ́ọ̀lù, ni yóò gbà wọ́n, nítorí pé àwọn ti iwájú tóbi.

Ọmọ Òbòkun, Iléṣà:
Òfin rọ́gíbì fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 19 kò gbà kí scrum ti alátakò sẹ́yìn ju mítà 1.5 lọ. Títóbi kò lè jẹ ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà yọ díẹ̀ nínú àkókò scrum, kí ó fi kọ́ nọ́ńbà 10 náà àti àwọn ọmọ etí pápá méjèèjì bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gíga tí a sì ń lé e.