Irun iwájú kò padà ká mọ́ lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù: ṣé ó ṣì ní àtúnṣe?

Pàtẹ́wọ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí irun. Irun oníbàárà kan ló wà níwájú mi yìí. Ó nípọn, ó sì ká lóṣùṣù; kò sí rílásà lára rẹ̀, kò sí dáì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi áyọ́ọ̀nù irun nà án níbòmíràn. 230°C ni wọ́n gbé iná sí, òróró àgbọn ni wọ́n fi pa á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi áyọ́ọ̀nù gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún. Ó ní èéfín ń rú, irun sì ń dún ṣìì.

Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ìpàkọ́ ti padà ká bó ṣe wà. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì ni kò gbọ́: nǹkan bíi 10 cm láti ṣóńṣó wálé nà gbọnrangandan bíi koríko gbígbẹ, kódà nínú omi. Tí kóòmù bá kàn án, á já.

Ṣé ó ṣì lè ká? Àwọn kan ní kí n po ẹyin sí i, àwọn mìíràn ní kí n wá ìpara tó máa ń so irun tó ti já nínú pọ̀. Iná mélòó gan-an ló sì yẹ irun bẹ́ẹ̀?

Kólẹ̀sẹ̀ dáhùn:

Èyí tó ti jóná ti jóná o. Kò ní ká mọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò.

Purotéènì tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìn ni irun. Oríṣi ìdè méjì ló kan ọ̀rọ̀ kíká rẹ̀. Àkọ́kọ́ kò lágbára: omi lásán ń tú u, ìgbóná díẹ̀ ń tú u, tí irun bá sì gbẹ tàbí tí ìgbóná bá kúrò lára rẹ̀, á tún ara rẹ̀ so. Òun là ń lò nígbà tí a bá na irun lónìí, tó sì padà ká lọ́jọ́ tí a bá fọ̀ ọ́. Ìkejì ni ìdè tí súfúrù ń so, èyí tí rílásà ń já. Ṣùgbọ́n tí ìgbóná bá ti kọjá àyè, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdè nìkan. Purotéènì náà fúnra rẹ̀ ti yí padà, bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Ta ló ti sọ ẹyin sísè di tútù rí?

Irun gbígbẹ ń dé ojú yẹn ní nǹkan bíi 230°C, iye tí wọ́n gbé iná sí gan-an. Irun tó ní omi nínú kò tiẹ̀ ní dé bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi 150°C ti tó láti bà á jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onídìrí ti ń ṣìṣe. Irun tí kò gbẹ dénú ni wọ́n ń gbé iná 200 lé. Omi inú fọ́nrán á hó, á di ooru, kò sì ní rí ọ̀nà jáde, á wá lu irun náà ní ihò wẹ́wẹ́ láti inú bíi búrẹ́dì. Ohun tó ń dún ṣìì nìyẹn. Òróró àgbọn tún dá kún un: èyí tí wọn kò sẹ́ mọ́ ń rú èéfín ní nǹkan bíi 177°C, wọ́n sì gbé 230 lé e. Dídín ni wọ́n dín irun náà.

Kí ẹ tó mú síọ́sì, ẹ wá ààlà. Ẹ fọ irun, ẹ má fi ohunkóhun sí i, ẹ jẹ́ kí omi wà lára rẹ̀, kí ẹ wá fi ojú tọ fọ́nrán láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Ibi tí kíká bá ti dúró ni ẹ fi ìka dì mú. Ẹ wọ̀n ọ́n fún iwájú, fún ọ̀tún, fún òsì, torí wọn kì í dọ́gba. Ọwọ́ tí onídìrí fi ń ṣiṣẹ́ máa ń pẹ́ lápá kan ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fa fọ́nrán tútù kan jẹ́jẹ́. Èyí tó ṣì sàn á nà díẹ̀, á sì súnkì padà. Èyí tó nà bíi rọ́bà tó ti kú, tàbí tó já lójú ẹsẹ̀, gígé ló kù.

Irun ń hù ní nǹkan bíi 1.25 cm lóṣù, torí náà 10 cm yẹn á gbà tó oṣù mẹ́jọ. Èmi á ní kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹni tó ni orí kò bá gbà, ẹ máa gé 1 sí 2 cm ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ìpàkọ́-Ẹlẹ́dẹ̀ dáhùn:

Kólẹ̀sẹ̀ ti sọ ọ́ tán, ti ìtọ́jú nìkan ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ dá ẹyin padà sí ilé ìdáná. Purotéènì inú rẹ̀ tóbi ju ohun tó lè wọnú fọ́nrán lọ, ara irun lóde ló máa gbẹ mọ́. Ẹni tó bá sì fi omi gbígbóná ṣàn án á máa ṣa ẹyin dídì kúrò lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó wúlò ni purotéènì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà hydrolyzed lára ìgò: hydrolyzed keratin, tàbí hydrolyzed wheat protein. Ó ń dí ojú tó ti ya, àmọ́ omi ìfọ̀ ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí ju iye tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì fi kọ̀ndíṣọ́nà tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lábẹ́ fìlà ọ̀rá. Tí irun bá wá le, tó ń ha ọwọ́ bíi ìgbálẹ̀, purotéènì ti pọ̀ jù nìyẹn. Kọ̀ndíṣọ́nà nìkan ni kí ẹ lò fún ìfọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ìpara tó ń so irun ńkọ́? Àwọn tí wọ́n kọ bis-aminopropyl diglycol dimaleate sí lára ń ṣiṣẹ́ lórí ìdè súfúrù yẹn, irun tí bleach (ohun tí ń bó àwọ̀ irun) bà jẹ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ yẹ jù. Ó lè dín jíjá kù. Kò lè dá kíká padà.

Òróró àgbọn kì í ṣe ọ̀tá o, abẹ́ áyọ́ọ̀nù ni kò yẹ ẹ́. Ẹ fi pa irun gbígbẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfọ̀: ó ń wọnú fọ́nrán, purotéènì tí omi ń kó lọ á sì dín kù.

Pàtẹ́wọ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ní òun kò gé e lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni iwájú á ṣe jọ ẹ̀yìn láìfi iná kàn án? Ẹ kò sì tíì sọ iye iná fún mi.

Ṣùkú dáhùn:

Rọ́là rírọ̀ ni. Ẹ mú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ bí irun ìpàkọ́ ṣe ń ká, kì í ṣe èyí tó wu ojú. Irun á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó má ṣe máa kán tótó. Ẹ fi fóòmù díẹ̀ sí i, ẹ pín in ní 2 cm, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó kí ẹ sì rí i pé ṣóńṣó náà tẹ́ mọ́ rọ́là, torí òun gan-an ló nà. Ẹ má tú u àfi tó bá gbẹ dénú. Ìdè aláìlágbára tí Kólẹ̀sẹ̀ sọ, ìgbà tí omi bá kúrò ló ń so. Tí ẹ bá tú u nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, kí ẹ tó gbé dígí á ti nà. Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ fẹ́ kó jọ iwájú, ẹ fi òwú kó ẹ̀yìn mọ́jú. Ó ń na irun láìsí iná rárá. Ojú ààlà ni irun ti ń já jù, nítorí náà ẹ má di í le, kóòmù eléyín gbàràgàdà ni kí ẹ lò láti ṣóńṣó lọ sókè, kí kọ̀ndíṣọ́nà sì wà lára irun.

Ní ti iná: irun tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí èyí tó ti rí dáì, kó má kọjá 150°C. Irun tó wà láàárín, 160 sí 175. Irun bíi ti oníbàárà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 175, kí 190 jẹ́ òpin. Tí kò bá nà, ẹ má sáré gbé iná sókè. Ó ṣeé ṣe kí ìpín ti nípọn jù: ó yẹ kí ẹ lè rí ìka yín láti òdìkejì rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí dráyà má tíì parí iṣẹ́ tirẹ̀. 15 cm ni kí dráyà fi jìnnà sí irun, kí ọwọ́ má sì dúró sójú kan.

Heat protectant, ìpara tó ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ iná, èyí tó ní dimethicone (oríṣi sílíkónì kan) nínú, ẹ fi tó hóró ẹ̀wà kan sí ìdá mẹ́rin orí, ẹ fi ọwọ́ yí i ká, kí ó gbẹ kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án. Ó ń jẹ́ kí ìgbóná rọra wọlé kó sì tàn kálẹ̀ dọ́gba, kò ní kó má wọlé. Ní 230 kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Kóòmù á ṣáájú, áyọ́ọ̀nù á tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kan, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì.

Kólẹ̀sẹ̀:

Fún ẹni tó bá ń lo òòyà iná tí kò ní nọ́ńbà: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tí bébà bá pọ́n, ẹ gbé e sílẹ̀ kó tutù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú mìíràn. Kí ẹ sì máa nu ojú áyọ́ọ̀nù tó bá ti tutù. Ìpara tó gbẹ mọ́ ọn ń fa irun mọ́ra, ẹ ó sì gbọ́ òórùn jíjó kódà ní 170.