Ẹ gbà mí o: kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́

Ọmọ Ọbà-Ilé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Owó àjọ tí mo kó lóṣù tó kọjá ni mo fi ra dẹ́sítọ́ọ̀pù àlòkù kan ní Arákàlẹ̀, torí mo gbọ́ pé ètò distcc á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì jọ máa kọ̀ǹpáìlì, ìyẹn kí wọ́n jọ máa sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ní ká ní mo fi ra fírísà ni, à bá ti máa ta omi tútù. Ọjọ́ kẹrin rèé. Epo jẹnẹrétọ̀ ni mò ń jó. Láptọ́ọ̀pù mi ń gbóná bí agbada alákàrà, dẹ́sítọ́ọ̀pù jókòó síbẹ̀ bí àna tó wá kí wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ distcc tí mo tún un fi sí. Àbúrò mi tó wà ní FUTA ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni mo ṣe?

Ọ̀gá Táminà: Ìtàn fírísà lo sọ. Ẹ̀dà kọ̀ǹpáílà gcc wo ló wà lórí méjèèjì? Kí lo kọ sínú DISTCC_HOSTS, níbi tí à ń to àdírẹ́sì àwọn kọ̀ǹpútà tó máa ṣiṣẹ́ sí?

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni ìyàwó ẹ sọ. Bí ọkọ tèmi náà ṣe ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn, aṣọ la ń sá lé e báyìí.

Adé Ìjàpọ̀: Ẹ da gbogbo sọ́ọ̀sì kóòdù yẹn sórí dẹ́sítọ́ọ̀pù náà, ó máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá Táminà: Adé, má ṣi èèyàn lọ́nà. Láptọ́ọ̀pù ló ń kó àwọn hẹ́dà, ìyẹn àwọn fáìlì tí kóòdù ń pè wọlé, jọ sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan kó tó fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpáílà nìkan ni èkejì nílò.

Adé Ìjàpọ̀: Mo ṣáà fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Kó lo ccache nígbà náà.

Ọ̀gá Táminà: Ìyẹn ń tọ́jú èyí tó ti kọ̀ǹpáìlì tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró: Àbúrò, ṣé distccd, ètò tó ń gba iṣẹ́ wọlé, ń ṣiṣẹ́ lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù? Ṣé o fi --allow gba láptọ́ọ̀pù láàyè? Port 3632, ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọlé, ńkọ́? Tí -march=native (ìyẹn "ṣe é fún ẹ̀rọ yìí gan-an") bá wà nínú CFLAGS, àwọn àṣẹ tí à ń fún gcc, distcc ò ní gbé iṣẹ́ náà lọ ibì kankan o.

Ọmọ Ọbà-Ilé: Gbogbo ẹ̀ ni mo ti ṣe, ẹ̀gbọ́n. gcc 12 ni méjèèjì. Láti 2014 ni mo ti ń lo Linux, ẹ má bá mi wí bí ọmọdé. IP wọn, ìyẹn àdírẹ́sì wọn lórí nẹ́tíwọọ̀kì, ò jìnnà síra: 192.168.43.57 àti 192.168.43.112. native wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fẹ́ kó yára ni. Mo ti yọ ọ́ báyìí. Ó wá ń kọ "failed to distribute, running locally instead".

Adé Ìjàpọ̀: Váírọ́ọ̀sì ni.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró: Wáyà lo fi so wọ́n pọ̀ àbí Wi-Fi?

Ọmọ Ọbà-Ilé: Hotspot ni. Láptọ́ọ̀pù wà lórí fóònù mi, dẹ́sítọ́ọ̀pù wà lórí ti àbúrò mi, kí dátà mi má baà tètè tán.

Ọ̀gá Táminà: Háà!

Ìyá Ìbejì: Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ̀rín ń pa mí.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró: Àbúrò, ọ̀pọ̀ fóònù Android àtijọ́ ló máa ń pín 192.168.43 yẹn, àmọ́ nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù méjèèjì. Ojúlé kejìlá wà ní Òkè-Àró, ojúlé kejìlá wà ní Ìjàpọ̀, ṣé ilé kan náà ni? Ra wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, fi so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀. Fún ọ̀kan ní 10.0.0.1, èkejì 10.0.0.2. Kò nílò dátà rárá. Tún DISTCC_HOSTS àti --allow kọ. Má sì retí kí àkókò pín sí méjì gééré o, láptọ́ọ̀pù nìkan ló ṣì máa so gbogbo ẹ̀ pọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ọmọ Ọbà-Ilé: Àbúrò mi ló ní kí n lo fóònù òun o! Òun ló máa san owó wáyà.

Ọmọ Ọbà-Ilé: Mo ti rà á. Mo ṣí distccmon-text, tó ń fi ibi tí iṣẹ́ ń lọ hàn, orúkọ kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ń yọ. Fáànù dẹ́sítọ́ọ̀pù ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì: Fírísà ńkọ́?