Híhanrun tí a fi ń rẹ́rìn-ín: bí mo ṣe mọ̀ pé ìsanra mi ti di àìsàn

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru nídìí kọ̀ǹpútà, tí mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kílò 72 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kílò 112 ni mo wọ̀n nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. N kò lè tọ́ka sí ọjọ́ kan pé òun ni mo sanra, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń dé, àwọn ènìyàn sì ń kí mi pé ara mi ń dán.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Mo máa ń hanrun débi pé àwọn ọmọ ń sín mi jẹ, ẹ̀rín la sì fi ń ṣe, àfi lóru ọjọ́ kan tí ó ṣàkíyèsí pé híhanrun náà dáwọ́ dúró lójijì, tí àyà mi ń gbéra sókè ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, kí n tó ta gìrì tí mo sì mí kanlẹ̀. Ó jókòó tì mí di òwúrọ̀. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí á lọ rí dókítà. Èémí yín ń dúró lóru.”

Dókítà náà gbọ́ mi dé òpin. Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹni tí mo lọ bá ní ọdún méjì ṣáájú, nígbà tí orí ń fọ́ mi láràárọ̀, kàn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n dín oúnjẹ kù, ìtìjú yẹn kò sì jẹ́ kí n padà sí ilé ìwòsàn kankan. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ó wọn gíga mi, mítà 1.72, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n ara mi, èsì rẹ̀ sì sún mọ́ 38, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pè é ní ìsanrajù láti 30 sókè. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru dé 158 lórí 102, ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ń kan ilẹ̀kùn àtọ̀gbẹ.

Àlàyé tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni n kò lè gbàgbé. Ọ̀rá tó kó jọ sí ọrùn ló ń fún ọ̀nà ọ̀fun mi pa nígbà tí mo bá sùn. Bí èémí bá ti dúró, ọkàn á fò sókè, ẹ̀jẹ̀ á ru, oorun á já, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò sùn dáadáa, họ́mọ̀nù ghrelin tó ń fa ebi á pọ̀ sí i lára rẹ̀, leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó á sì dínkù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mu ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta lóru kí ojú mi lè là, bẹ́ẹ̀ agolo kan tó gba mìlílítà 330 sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà. Àìsùn mú mi sanra, ìsanra gba oorun lójú mi, èmi sì rò pé ọ̀kánjúwà ló ń ṣe mí.

Ní ọdún 2022, ó ju bílíọ̀nù kan ènìyàn tó ní ìsanrajù lágbàáyé, ìpín àwọn àgbàlagbà tó ní in sì ti ju ìlọ́po méjì ti ọdún 1990 lọ. Ọ̀kánjúwà ọmọ ènìyàn kò ṣàdédé di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ ìjókòó, oúnjẹ inú páálí àti àìsùn ni mo rí tó yí padà.

Mo fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, mo ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú mi lóru, mo sì ń rìn lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rìnlá rèé, kílò 13 ti lọ. Mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

*

Ẹ ṣeun fún ìtàn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn ló fa ìsanra tèmi. Steroid tí mo ń lò fún ikọ́ fée fi kílò 17 kún mi láàárín ọdún kan, ebi kò sì jẹ́ kí n sinmi. Mo fẹ́ jù ú nù, ṣùgbọ́n dókítà ṣàlàyé pé ara tó ti mọ́ ọn lára ti dáwọ́ ṣíṣe họ́mọ̀nù tó jọ oògùn náà fúnra rẹ̀ dúró, pé ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ la dín in kù. Ẹ̀yin tí ara yín yí padà lẹ́yìn oògùn tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó dá ara yín lẹ́bi.

*

Orúnkún ni tèmi, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ní kílò kan tí mo bá fi fúyẹ́ ń sọ nǹkan bíi kílò mẹ́rin ẹrù kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kílò mẹ́fà péré ni mo tíì rí sọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ń gun àtẹ̀gùn ilé mi láì di ògiri mú.